Odò Ọya àti Ilé Wa: Ìtàn Bí Iná Mànàmáná Kò Ṣe Kárí ní Nàìjíríà

Nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ máa ń jáde ni pé: mẹ́gáwáàtì mélòó ni a ní? Èrò tèmi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìtàn, ni pé ìbéèrè yìí gan-an ni ó ń ṣì wá lọ́nà. Ẹnu ẹ̀rọ tí ó ń mú iná wá ni a ti ń kà á. A kì í kà á nínú ilé tí ó yẹ kí ó dé. Ìtàn ni n ó fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

1. Iná ìlú kọ̀ọ̀kan

Èkó ni a ti kọ́kọ́ mú iná mànàmáná wá ní ilẹ̀ yìí, ní 1896. Ẹ̀rọ méjì péré ni, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju 30 kílówáàtì lọ. Ní 1929, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, NESCO, bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Jọ́ọ̀sì láti máa fi agbára omi mú iná wá fún àwọn tí ń wa kùsà tánńganran. Ní àwọn ìlú mìíràn, bí Ìbàdàn àti Kano, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni iná. Ibi tí ẹ̀rọ bá wà, ibẹ̀ náà ni iná rẹ̀ pin sí; kò sí wáyà tí ó so Èkó mọ́ Jọ́ọ̀sì.

Òfin 1950 ni ó dá àjọ ECN sílẹ̀ láti kó àwọn iná ìjọba tí ó fọ́n káàkiri wọ̀nyí sábẹ́ àṣẹ kan. Ní 1964, Ben Enwonwu fi idẹ rọ ère Ṣàngó, wọ́n sì gbé e sí iwájú oríkò àjọ náà ní Marina, ní Èkó. Ẹni tí ó yàn án kò ṣìnà, nítorí Ṣàngó ni ó ni mànàmáná. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà, ọ̀dọ̀ Ọya ni a ti ń wá agbára lọ.

2. Kainji

A ti dá àjọ tí yóò sé odò Ọya sílẹ̀ ní 1962. Iṣẹ́ ìsédò Kainji bẹ̀rẹ̀ ní 1964, ó sì parí ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà. Ọ̀gágun Gowon ṣí i ní 1969. Ẹ̀rọ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní agbára 320 mẹ́gáwáàtì lápapọ̀. Ní 1972, àjọ méjèèjì di ọ̀kan, a sì sọ ọ́ ní NEPA. A fi ẹ̀rọ méjì kún ti Kainji ní 1976, a tún fi méjì sí i ní 1978, agbára rẹ̀ sì di 760. Ọdún mẹ́wàá péré ni ó fi ju ìlọ́po méjì lọ, síbẹ̀ kò tó.

Èé ṣe? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé iná a máa bí iná. Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì gòkè ní 1973, tí owó Údòjì sì dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ní 1975, ilé tí gílóòbù kan ti tó rí bẹ̀rẹ̀ sí ra fáànù, fíríìjì àti amóhùnmáwòrán. Àwọn tí iná ti dé ọ̀dọ̀ wọn ni a lè rí kà. Àwọn tí ń retí rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ìdí kejì ni odò fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọya máa ń kún dé Kainji lọ́dún: omi funfun tí òjò ìtòsí ń kó ẹrẹ̀ sínú rẹ̀, àti omi dúdú tí ó ti òkè Guinea wá, tí ó rọra la àbàtà ilẹ̀ Mali kọjá, tí ó sì dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀dá tí ó mú ilẹ̀ Sahel ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí ó sì padà wá ní 1983 àti 1984, fi hàn pé òjò ilẹ̀ òkèèrè ni a gbé iná wa lé.

Ìdí kẹta ni ó wúwo jù. Ẹ̀rọ ni a ń ṣí pẹ̀lú ìlù àti ayẹyẹ. Kò sí ẹni tí ń lùlù fún wáyà, òpó àti tirafọ́mà. Jebba àti Egbin dé ní 1985, Shiroro ní 1990. Lẹ́yìn ìyẹn ni àtúnṣe kásẹ̀, títí ọ̀rúndún fi yí.

3. Gbèsè

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí ó san owó iná yìí ṣáájú gbogbo wa. Àwọn tí a ṣí nípò nítorí adágún Kainji lé ní 40,000, ìlú Bussa àtijọ́ sì wà lábẹ́ omi. Ọdún 2010 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn agbègbè ìsédò. Bí a bá ń fi mẹ́gáwáàtì nìkan wọn iṣẹ́ wa, irú àwọn ènìyàn báyìí kì í hàn.

4. Lónìí

Òfin 2005 tú NEPA ká. Ní 2013, ìjọba ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún aládàáni. Àwọn ẹ̀rọ tí a ní lónìí lè mú ju 12,000 mẹ́gáwáàtì wá lórí ìwé, ṣùgbọ́n èyí tí ń gba orí wáyà kọjá kò sábà ju 5,000 lọ. Àwọn tí iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá lé ní mílíọ̀nù 80. Gáàsì ni ó sì wá rọ́pò odò: bí ọ̀pá gáàsì bá bẹ́, ilé a ṣókùnkùn.

Òfin 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àṣẹ lórí iná tiwọn. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà, ní 2024. Lọ́nà kan, a ti padà sí ayé ìgbà tí Ìbàdàn àti Kano ni iná tiwọn. Ẹ̀rù tí ń bà mí ni kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan má lọ kọ́ Kainji kékeré tirẹ̀, kí ó gé ọ̀já, kí ó sì gbàgbé wáyà. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé: ìletò wo ni iná kò ì dé? Wákàtí mélòó ni ó ń lò ní ibi tí ó dé? Tirafọ́mà mélòó ni ó bàjẹ́, ta ni yóò sì tún wọn ṣe? Bí orísun kan bá gbẹ, èwo ni yóò rọ́pò rẹ̀?

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kí a tó dárúkọ mẹ́gáwáàtì.