Ilé Ni À Ń Wò: Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn àti Erékùṣù Wight

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò ṣòro láti túmọ̀ nígbà tí ọmọ bá wà lọ́wọ́ àwọn tí ó bí i. Bí ogun bá ti jó ilé náà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé àlejò ni ó gba ọmọ, tí àlejò ọ̀hún kò sì ní ilé kankan nítòsí àfi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọdébìnrin kan láti Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ìtàn rẹ̀ fara sin sí jìnnà réré sí Òkè-Ọ̀dàn: erékùṣù kan ni, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń lọ fún fàájì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ dé erékùṣù náà, kí a tó darí ìtàn náà wá sí ilé.

Erékùṣù Fàájì àti Ìtàn

Wight ni orúkọ erékùṣù yìí. Ẹ̀bá etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà. Omi tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Solent ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ ńlá. Láti Portsmouth tàbí Southampton, ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé ènìyàn àti mọ́tò pọ̀ ni ó ń kó àlejò sọdá. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ rí ní Àgbádárìgì, tí ó sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu, yóò mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ bá ń kéré sí i lẹ́yìn ẹni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Gberefu jẹ́ ibi tí a ń lọ láti rántí ìbànújẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbádùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá lọ sí Wight. Iyanrìn etíkun wà níbẹ̀, àwọn òkúta ẹfun funfun tí wọ́n ń pè ní Needles sì nà ró láàárín òkun ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà.

Ìtàn kún ibẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará Róòmù tí ó jọba lórí ilẹ̀ náà láyé àtijọ́ pè é ní Vectis. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ alárànbarà tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ṣì wà ní Brading di òní. Ní odi Carisbrooke ni wọ́n ti Ọba Charles Kìíní mọ́ láti ọdún 1647 sí 1648. Ọba náà gbìyànjú láti gba ojú fèrèsé sá lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ há sáàárín irin fèrèsé náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1649, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ilé tí òkìkí rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ ni Osborne. Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, Albert, ni ó ra ilẹ̀ náà ní ọdún 1845, ọdún kan náà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn sí Àgbádárìgì. Osborne ni Ọbabìnrin yìí ti ń sinmi pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ó sì wàjà sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1901. Ní ọdún 1902, ọmọ rẹ̀, Ọba Edward Keje, fi ilé náà ta orílẹ̀-èdè lọ́rẹ. Lónìí, ẹni tí ó bá san owó ìwọlé lè rìn kiri inú yàrá tí Ọbabìnrin náà lò. Nínú ilé yìí ni ọ̀rọ̀ Òkè-Ọ̀dàn ti wọlé.

Ogun Òkè-Ọ̀dàn

Òkè-Ọ̀dàn wà ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, tí Ìláròó jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Títí di ọdún 1995, Ẹ̀gbádò ni orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe àwọn ènìyàn ibẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì lágbára, ilẹ̀ wọn ni ọ̀nà tí Aláàfin ń gbà dé etí òkun. Ọwọ́ Ọ̀yọ́ tí ó bò wọ́n ni kò jẹ́ kí ọ̀tá lè tètè gbójú lé wọn. Ọ̀nà náà mú ọjà wá, ó sì mú òwò ẹrú wá pẹ̀lú.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, ààbò náà tú. Gezo, tí ó jọba ní Dàhọ̀mì láti ọdún 1818 sí 1858, ti já àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn ìlú rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Àwọn ìlú Ẹ̀gbádò wá wà láàárín Dàhọ̀mì ní ìwọ̀-oòrùn àti àwọn Ẹ̀gbá ti Abẹ́òkúta ní ìlà-oòrùn, àwọn méjèèjì sì ń wá agbára lórí wọn. Ní ọdún 1848, ogun Dàhọ̀mì já lu Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lẹ́rú. Lára àwọn tí wọ́n kó ni ọmọdébìnrin kan tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ, tí ogun náà sì ti sọ di ọmọ òrukàn.

Ọkọ̀ Ni Ó Wò

Ọdún méjì ni ọmọ náà fi wà lábẹ́ Gezo. Ní ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Abomey láti wá rọ Gezo pé kí ó dáwọ́ òwò ẹrú dúró. Gezo kò gbà, ṣùgbọ́n ó fún àlejò rẹ̀ ní ẹ̀bùn, ọmọdébìnrin yìí sì wà lára ẹ̀bùn náà. Forbes kọ ọ́ sínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1851 pé bí òun bá kọ̀ ọ́, pípa ni wọn yóò pa á. Bí ọba aláwọ̀ dúdú ṣe fi ọmọ ènìyàn ránṣẹ́ sí ọbabìnrin aláwọ̀ funfun nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó fẹ́.

Ní Àgbádárìgì, lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, ni wọ́n ti ṣe ìsàmì fún un. Sarah Forbes Bonetta ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Forbes jẹ́ orúkọ ọ̀gá ọkọ̀; Bonetta sì jẹ́ orúkọ ọkọ̀ náà gan-an. Yorùbá ní ilé ni à ń wò. Ọkọ̀ ni Forbes wò. Kì í ṣe pé ó ní èrò ibi sí ọmọ náà, nítorí pé ó yọ ọ́ nínú ikú, ó sì ṣìkẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ìjánu tí ó fi sí i lẹ́nu kò sì darí rẹ̀ sí ilé ẹnì kankan ní Òkè-Ọ̀dàn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1850, ọmọ náà rí Ọbabìnrin Victoria ní ààfin Windsor. Ọbabìnrin tẹ́wọ́ gbà á, ó sì gba ìnáwó ẹ̀kọ́ rẹ̀ rù. Ní ọdún 1851, wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí CMS dá sílẹ̀ ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró, nítorí ìlera rẹ̀. Ní ọdún 1855 ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé James Schön, míṣọ́nnárì tí òun àti Àjàyí Crowther jọ rin ìrìn-àjò Odò Ọya ní ọdún 1841.

Orúkọ Tí Kò Sọnù

Nígbà tí ó dàgbà, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ James Pinson Labulo Davies fẹ́ fi í ṣe aya. Ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí Davies, láti inú ìdílé àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Òun ni ó fi owó ran ìdásílẹ̀ CMS Grammar School ní Èkó lọ́wọ́ ní ọdún 1859. Òun náà sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọbìnrin náà kò fẹ́. Ó kọ lẹ́tà pé àwọn kan yóò sọ pé bí àkókò bá ti ń lọ òun yóò kọ́ láti fẹ́ràn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n òun kò gbàgbọ́ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní ìlú Brighton.

Ní ọjọ́ náà ni ohun tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá fiyè sí ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, orúkọ kan ṣáájú Sarah: Ina ni wọ́n kọ. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, nítorí pé Òyìnbó ni ó ni ìwé. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò gbójú fò ó. Ẹni tí ó gbọ́ èdè díẹ̀ lè kà á sí iná, ṣùgbọ́n Yorùbá kì í sọ ọmọ ní iná. Èyí tí ó bá àṣà mu ni Àìná, orúkọ àmútọ̀runwá tí a ń fún ọmọbìnrin tí ó bá gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wáyé. Òjó ni wọn ìbá pè é bí ó bá jẹ́ ọkùnrin. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi ń pè é ní Àìná lónìí.

Àmútọ̀runwá kò dúró de ọjọ́ ìkómọ; bí ọmọ ṣe wáyé ni ó ti sọ orúkọ ara rẹ̀. Ogun jó ilé tí wọn ìbá wò kí wọ́n tó sọ ọmọ ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbé ti ọ̀run bọ̀ kò sí nínú ilé náà kí ó tó jóná. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó mú un lọ sí Abomey, ó mú un wọ ọkọ̀ Bonetta, ó sì fi í ṣáájú àwọn orúkọ yòókù ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Osborne ní 1880 àti ní 2020

Àìná àti ọkọ rẹ̀ wá fi Èkó ṣe ilé. Ní ọdún 1863 wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Ọbabìnrin Victoria di ìyá ìsàmì rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Ọbabìnrin sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ikọ́ fée mú Àìná. Ó lọ sí Funchal ní erékùṣù Madeira nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1880. Ọmọ rẹ̀, Victoria Davies, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń lọ kí Ọbabìnrin ní Osborne nígbà tí ìròyìn náà kàn án. Ọ̀fọ̀ ni ọmọ ọmọ Òkè-Ọ̀dàn gbé wọ erékùṣù fàájì náà.

Ogóje ọdún lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àjọ English Heritage gbé àwòrán Àìná kọ́ sí ara ògiri Osborne. Hannah Uzor, ayàwòrán tí a bí ní Sáńbíà, ni ó yà á, láti inú fọ́tò tí Camille Silvy yà ní ọdún 1862. Aṣọ ìgbéyàwó ni ó wọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun Tí Onítàn Gbọ́dọ̀ Wọ̀n

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Èkíní, gbogbo ènìyàn ni ó ń pe Àìná ní ọmọ ọba. Forbes ni orísun ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí ilà ojú ọmọ náà, ó sì wòye pé wọn kò tà á bí wọ́n ti ta àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá, ilà ojú lè fi ìlú tàbí ìdílé hàn láìjẹ́ pé ó fi oyè hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé 'Forbes sọ pé ọmọ ọba ni' ti ṣe iṣẹ́ onítàn. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé 'ọmọ ọba ni' ti kọjá ibi tí ẹ̀rí dé.

Èkejì, a kò gbọdọ̀ fi ojú kan ṣoṣo wo ọ̀rọ̀ náà. Inú rere Ọbabìnrin kì í ṣe irọ́, àánú Forbes náà kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe irọ́ pé adúláwọ̀ ni ó kó adúláwọ̀ lẹ́rú ní Òkè-Ọ̀dàn, pé àwọn oníṣòwò òkè òkun ni ó ti ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, àti pé ẹ̀bùn ni wọ́n fi ọmọ ènìyàn ṣe.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ẹnì kan ṣoṣo ni Àìná. Àwọn tí wọ́n kó pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún 1848 kò ní àwòrán ní Osborne, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé ìgbéyàwó kankan. Bí ohun kan bá kù nípa wọn, inú oríkì ìdílé àti ẹnu àwọn àgbà Òkè-Ọ̀dàn ni a lè wá a sí. Olùkọ́ tí ó wà ní Ìláròó tàbí Ayétòrò kò nílò láti sọdá Solent kí ó tó lè rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ bi àwọn àgbà wọ̀nyí léèrè, kí wọ́n sì kọ èsì sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.

Ẹni tí oríire bá sì gbé dé erékùṣù Wight, kí ó wo òkun, kí ó wo odi Carisbrooke, kí ó sì dé Osborne. Bí ó bá gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ ọmọ náà níbẹ̀, kí ó fi ohùn tirẹ̀ sí i bí ó ti yẹ: Àìná.