Trap: Àṣẹ Tuntun Tó Ń Pa Ti Tẹ́lẹ̀ Rẹ́

Nínú shell tí Stephen Bourne kọ ní Bell Labs, tó jáde pẹ̀lú Unix ẹ̀dà keje lọ́dún 1979, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ trap. Òun ló ń sọ ohun tí script yóò ṣe bí signal (àmì tí ètò mìíràn tàbí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ sí i) bá dé bá a lójijì, irú bíi kó kọ́kọ́ pa fáìlì onígbà-díẹ̀ rẹ́ kó tó kógbá sílé. Ṣùgbọ́n bí a bá tún fún signal kan náà ní trap mìíràn, ti àkọ́kọ́ ti run nìyẹn. Ó rọrùn láti di ẹ̀bi èyí ru Bourne, àmọ́ mi ò rò pé ó tọ́ sí i. Shell ọdún 1979 kò ní function. Ẹni tó kọ trap àkọ́kọ́ ló sábà máa ń kọ ìkejì, ó sì mọ ohun tó ń pa rẹ́. Ìgbà tí function wọlé pẹ̀lú System V Release 2 lọ́dún 1984, tí trap sì wà bó ṣe wà, ni wàhálà dé: function tí ẹlòmíràn kọ lè ṣe bí àlejò tó kó ẹrù onílé síta kó lè ráyè sùn.

Bẹ́ẹ̀ Unix fúnra rẹ̀ mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ètò tó wà tẹ́lẹ̀. Nínú èdè C, signal() máa ń dá ètò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà fún ẹni tó pè é. Ṣùgbọ́n trap ti Bourne láìní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn kàn ń to ètò jáde ni, lọ́nà tí shell kò lè tún kà bí àṣẹ. Ìlànà POSIX.2 ti ọdún 1992 ló pàṣẹ pé kí ohun tí trap ń tò jáde jẹ́ àṣẹ pípé. Nínú shell tó tẹ̀lé ìlànà yìí, `tele=$(trap)` ń tọ́jú wọn, `eval "$tele"` sì ń dá wọn padà, láìpe ètò mìíràn láti ìta. Kìkì pé trap lásán kì í dárúkọ signal tí a kò fún ní ètò kankan, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi `trap - INT` (bí INT bá ni signal náà) mú tiwa kúrò kí eval tó ṣiṣẹ́. `trap -p`, tí bash àti ksh93 (ẹ̀dà Korn shell kan) ti ní tipẹ́, kò wọ POSIX títí di 2024.

Àwọn kan yóò ní kí a kàn fi àkámọ́ ká iṣẹ́ náà mọ́ inú shell ọmọ, kí trap òbí má baà farapa. Òótọ́ ni, bí function kò bá ní ohun tí yóò dá padà. Bó bá ní variable tó fẹ́ yí padà, inú shell ọmọ ni ìyípadà náà yóò kú sí. Korn shell wo ibi tí ọ̀ràn wà gan-an: trap EXIT inú function tí a fi ọ̀rọ̀ `function` kọ jẹ́ ti function yẹn nìkan. Zsh náà ní localtraps, tó ń dá trap tẹ́lẹ̀ padà nígbà tí function bá parí.