Bí Ara Bá Kọ Irin tí A Fi Pààrọ̀ Oríkèé

Nígbà tí oríkèé ìbàdí tàbí orúnkún bá ti bàjẹ́, oníṣẹ́ abẹ lè fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe àgbàlagbà nìkan ni ó ń nílò irú iṣẹ́ abẹ yìí ní ilẹ̀ wa. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń ba orí eegun itan àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ pẹ̀lú, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ tó.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é
Ọ̀pọ̀ oríkèé àtọwọ́dá jẹ́ àdàlù cobalt àti chromium, tí nickel díẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Òmíràn jẹ́ titanium. Nickel ni irin tí awọ ara ènìyàn ń kọ̀ jù lọ.

Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé
Bí yẹtí, aago ọwọ́ tàbí bọ́tìnnì ṣòkòtò, ìbáà ṣe ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ ti rà á tàbí ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, bá ń mú kí ara yín sú tàbí kí ó máa yún, ẹ sọ fún dókítà. Abèèrè kì í ṣìnà. Ó lè ní kí wọ́n lẹ ohun ìdánwò mọ́ ẹ̀yìn yín fún ọjọ́ méjì láti wo ohun tí awọ yín kọ̀. Èsì náà nìkan kò túmọ̀ sí pé oríkèé náà kò ní bá yín mu, ṣùgbọ́n ó lè ran dókítà lọ́wọ́ láti yan irin mìíràn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ
Ara sísú, ìyún, wíwú àti ìrora tí kò lọ lè jẹ́ àmì pé ara kọ irin náà. Èyí ṣọ̀wọ́n. Àkóràn kòkòrò àrùn, tàbí kí irin tú kúrò lára eegun, wọ́pọ̀ jù ú lọ, àmì wọn sì jọra. Nítorí náà, a ń rọ̀ yín:

• Bí ara bá ń gbóná tàbí tí ojú ọgbẹ́ ń ṣọyún, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.
• Ẹ má ṣe fi àgbo sí ojú ọgbẹ́.
• Ẹ má ṣe ra oògùn apakòkòrò lò fúnra yín. Ó lè fi àkóràn pamọ́ fún àyẹ̀wò.
• Ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n kọ irú oríkèé yín sí.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, omi oríkèé àti àwòrán eegun ni yóò fi òtítọ́ hàn. Bí ó bá jẹ́ pé ara kọ irin náà lóòótọ́, dókítà lè fún yín ní oògùn tí yóò dá ìyún dúró. Yíyọ oríkèé náà láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ni ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, nítorí iṣẹ́ abẹ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀dọ̀ dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ kò bá rí i, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti LAUTECH àti ti Yunifásítì Bowen wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, UCH sì wà ní Ìbàdàn.