Ọkàn Tó Ń Ṣọ́ Ara Rẹ̀ Lójú Oorun

Kì í pẹ́ kí òbí kan tó tún gbé ọ̀rọ̀ àlá wá bá àwa olùkọ́ ilé kéwú ní Òkukù níbí. Ọmọ kan jẹun lójú àlá, ó jí, ó kọ oúnjẹ òwúrọ̀ nítorí ẹ̀rù ń bà á pé májèlé ti wọ inú òun. Màlúù lé òmíràn títí ó fi jábọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá kan fẹ́ kí àáfà bá òun wo ọ̀rọ̀ ọkọ tí ọmọ òun mú wá lójú oorun, ó sì ti so owó mọ́ etí ìró. Gbogbo wọn ń béèrè ìtumọ̀. Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu wọn: ṣé ẹni tó ń sùn lè mọ̀, nínú àlá náà gan-an, pé àlá ni òun ń lá? Bí ó bá lè mọ̀ ọ́n, ṣé a lè kọ́ ọ? Ìtàn ìbéèrè yìí gùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí.

Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Ọmọ ènìyàn ló lè rọ́ tirẹ̀, nítorí náà a ní àkọsílẹ̀ tó ti pẹ́. Aristotle ará Gíríìkì, tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Ànábì Ísá, ti kọ ọ́ pé nígbà mìíràn tí ènìyàn bá ń sùn, nǹkan kan nínú rẹ̀ máa ń sọ fún un pé àlá lásán ni ohun tó ń rí. Ní nǹkan bí ọdún 415, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní ìlú Hippo tó wà ní Àlùjíríà òde òní, kọ lẹ́tà kan nípa dókítà tó ń jẹ́ Gennadius, ẹni tó ń gbé ní Carthage. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ sí Gennadius lójú àlá, ó bi í pé níbo ni ara rẹ̀ wà báyìí. Ó ní orí ibùsùn òun ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún bi í bóyá ó mọ̀ pé ojú òun dé. Ó ní òun mọ̀. Ó wá bi í pé ojú wo ló wá fi ń rí òun. Gennadius kò rí èsì fọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, a kò sì gbọ́dọ̀ rò pé àwọn òyìnbó òde òní ló kọ́kọ́ ṣàwárí rẹ̀.

Ní ti ẹ̀sìn wa, gbogbo ẹni tó bá ti ka Súrà Yúsúfù mọ ìràwọ̀ mọ́kànlá pẹ̀lú oòrùn àti òṣùpá, ó mọ àlá àwọn ẹlẹ́wọ̀n méjì, ó sì mọ màlúù méje tí ọba Íjíbítì rí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹ̀yìn tí wọ́n jí tán ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ibi tí a ti rí ohun tó jọ mọ́ ìbéèrè wa ni ọ̀rọ̀ ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Ó bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá ó máa ń sùn kí ó tó kí wítìrì. Èsì tó fún un, tó wà nínú Bukhari àti Muslim, ni pé ojú òun ni ó ń sùn, ọkàn òun kì í sùn. Àwọn onímímọ̀ sọ pé ti àwọn ànábì ni èyí, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun náà ti dé ibẹ̀. Síbẹ̀, hádíìsì yìí ti fi hàn wá pé oorun ojú yàtọ̀ sí oorun ọkàn.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tún pín àlá sí mẹ́ta: ìró ìdùnnú láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, ìdẹ́rùbà láti ọ̀dọ̀ Ṣàìtáánì, àti ohun tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn èèyàn wa máa ń gbàgbé. Ọmọ tó fi gbogbo ọ̀sán ronú nípa ìdánwò, ìdánwò ni yóò bá pàdé lóru, kò sí ọ̀tá kankan nínú rẹ̀. Ní ti àlá burúkú, ohun tí wọ́n kọ́ wa kò nira: kí á tu itọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí apá òsì lẹ́ẹ̀mẹta, kí á wá ìsádi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí á yí ẹ̀gbẹ́ padà, kí á má sì rọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni. A kò rí àgbò nínú rẹ̀, a kò sì rí owó. (Ìwé ìtumọ̀ àlá tí wọ́n ń tà lọ́jà ní orúkọ Ibn Sirin náà, kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ọdún 729 ni ó kú ní Basra. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ló ṣa ìwé náà jọ.)

Àwọn tó wá mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ni àwọn tó kọ́ ènìyàn láti máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ là. Al-Muhasibi, tó kú ní Baghdad ní 857, orúkọ rẹ̀ gan-an ti inú muhasaba wá, èyí tó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa bá ara rẹ̀ ṣírò. Imam al-Ghazali (1058 sí 1111) wá fi odidi ìwé kejìdínlógójì nínú ogójì ìwé Ihya sọ̀rọ̀ nípa muraqaba àti muhasaba. Ó fi ọkàn wé alábàáṣòwò. Kí ọjà tó ṣí, a ó bá a ṣe àdéhùn. Bí ọjà bá ń lọ, a ó máa ṣọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó jókòó ṣírò èrè àti àdánù. Àwọn ìyá wa tó ń tajà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún wọn. Nínú ìwé rẹ̀ mìíràn, al-Munqidh, ó sọ ohun tó ń dà á láàmú: bí a bá ń sùn, gbogbo ohun tí a rí ló máa ń dà bí òtítọ́, a kì í ṣe iyèméjì kankan, ìgbà tí a bá jí ni a tó mọ̀ pé asán ni. Kí ló wá mú un dá wa lójú pé ìlajú wa yìí kì í ṣe oorun lójú ipò mìíràn tó ga jù ú lọ? Àwọn tó ń kọ́ni ní mímọ̀ lójú àlá lónìí, orí ìbéèrè yìí gan-an ni wọ́n dúró lé, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ al-Ghazali rí.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ wù wá jù ni Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis ní 1332, nítòsí Carthage tí Gennadius gbé. Ní 1377 ó wà ní ilé olódi Qal'at Ibn Salama ní ilẹ̀ Àlùjíríà, níbi tó ti fi oṣù márùn-ún kọ Muqaddima. Nínú rẹ̀ ó sọ nípa ọ̀rọ̀ àjèjì kan tó wà nínú ìwé Ghayat al-Hakim. Wọ́n ní bí ènìyàn bá sọ inú rẹ̀ di mímọ́, tó pe ọ̀rọ̀ náà nígbà tó fẹ́ sùn, tó sì dárúkọ ohun tó ń fẹ́ mọ̀, yóò rí i lójú oorun. (A kò ní tẹ ọ̀rọ̀ náà síbí, kí ẹnikẹ́ni má sì wá béèrè rẹ̀ ní ilé kéwú.) Ibn Khaldun kò kàn gbọ́ ọ, ó dán an wò. Ó ní òun rí àwọn nǹkan ìyanu, òun sì mọ ohun kan nípa ara òun tí òun ti ń fẹ́ mọ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti fi èyí dá ilé ìwòran sílẹ̀, kí ó máa gbowó. Òun kọ̀. Ó ní èyí kò fi hàn pé ènìyàn lè pàṣẹ fún àlá kí ó wá. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe kò ju pé ó múra ọkàn sílẹ̀ lọ, ẹni tó lágbára láti múra sílẹ̀ fún nǹkan kò tíì lágbára lórí nǹkan náà. Àgbẹ̀ tó kọ ebè sílẹ̀ kó tó di pé òjò rọ̀, kì í ṣe òun ló rán òjò níṣẹ́. A kò tíì rí ẹni tó là á yé wa jù báyìí lọ.

Ní ìhà tiwa, ìran àti àlá ti ṣe ohun ńlá nínú ìtàn. Ní 1794 Shehu Usman dan Fodio rí ìran kan tó kọ sínú Wird rẹ̀, nínú èyí tí Sheikh Abdul Qadir al-Jilani ti fi idà òdodo sán an nídìí. Ogun jíhàádì bẹ̀rẹ̀ ní 1804; agbára Sókótó dé Ìlọrin; ogun Ìlọrin sọ̀ kalẹ̀ dé Òṣogbo ní 1840, Ìlọrin sì tún wà nínú ogun Jálumi ní Ìkìrun lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa níbí ní oṣù kọkànlá ọdún 1878. Kì í ṣe ìran nìkan ló fà á, oyè àti ẹrú àti ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1196 Hijira (1781 sí 1782), Sheikh Ahmad al-Tijani rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì tẹnu mọ́ ọn títí di òní pé ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ni, kì í ṣe lójú oorun. A kò fẹ́ dá sí àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí ni pé àwọn àgbà wọ̀nyí ka ìyàtọ̀ láàárín oorun àti ìlajú sí ọ̀rọ̀ pàtàkì.

Ìsìtikáárà ni èyí tó kan ilé kọ̀ọ̀kan wa. Nínú hádíìsì tí Jabir gbà wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń kọ́ wọn ní àdúà rẹ̀ bí ó ti ń kọ́ wọn ní súrà inú Àlùkùrááni. Ráká méjì ni, lẹ́yìn náà àdúà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò sì ṣe é. Kò sí àlá nínú hádíìsì náà rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pé kí á sanwó fún ẹlòmíràn kí ó bá wa sùn, kí ó bá wa rí. Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n ti tú ká lágbègbè yìí nítorí àlá ẹni tí kò mọ ọkọ, tí kò mọ ìyàwó.

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ọmọ Faransé kan, Hervey de Saint-Denys, tẹ ìwé jáde ní 1867 lórí bí ó ṣe ń darí àlá ara rẹ̀. Frederik van Eeden ará Họ́láǹdì ló fún irú àlá bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè é títí di òní, ní 1913. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò gbà. Norman Malcolm kọ ìwé ní 1959 láti sọ pé ẹni tó bá ń sùn kò lè mọ nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ̀, wọn á ní ó ti ta jí díẹ̀ ni. Báwo ni a ṣe fẹ́ gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tó ń hanrun?

Ojú ló gba ẹ̀rí náà. Ní 1953, ní Chicago, Aserinsky àti Kleitman ti rí i pé apá kan wà nínú oorun tí ẹyinjú máa ń sáré lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí àlá sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ní àkókò náà gbogbo ara a máa rọ jọwọrọ, àfi ojú àti èémí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1975, ní Yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keith Hearne so ẹ̀rọ mọ́ Alan Worsley tó ń sùn. Wọ́n ti ṣe àdéhùn pé bí ó bá ti mọ̀ pé àlá ni, kí ó yí ojú sọ́tùn-ún sósì. Ó ṣe é, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Stephen LaBerge rí irú rẹ̀ ní Stanford láìpẹ́ sí i. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì àti Họ́láǹdì bi àwọn tó ń lálàá ní ìbéèrè nígbà tí wọ́n ń sùn lọ́wọ́. Wọ́n bi ẹnì kan pé mẹ́jọ dín mẹ́fà jẹ́ mélòó, ó sì fi ojú dáhùn pé méjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí èsì rárá.

Ìmọ̀ nípa ara tó ń rọ yìí wúlò fún wa ju bí àwọn tó ṣe é ti rò lọ. Bí ọkàn bá jí kí ara tó jí, ènìyàn kò ní lè gbé ọwọ́, kò ní lè ké, yóò sì dà bí ẹni pé nǹkan jókòó lé e láyà. Ní 2007, àwọn dókítà ọpọlọ méjì ọmọ Nàìjíríà, Aina àti Famuyiwa, kọ̀wé lórí ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní ogun òru, pẹ̀lú ọkọ ojú oorun àti oúnjẹ ojú àlá tó máa ń bá a rìn. Wọ́n ní púpọ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ àìsàn oorun tí ó yẹ kí dókítà wò. A kò sọ pé Ṣàìtáánì kò sí. Ọmọ tí gìrì ń mú lóru yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ? Wọ́n a máa kọ àlá sílẹ̀ bí wọ́n bá ti jí. Lójú mọmọ, wọ́n a máa bi ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà, tọkàntọkàn, pé ṣé àlá kọ́ ni mo wà yìí? Wọ́n a sì wo ẹ̀rí. Ọmọ kéwú lè fi wàláà rẹ̀ ṣe é: kí ó ka ìlà kan, kí ó gbójú kúrò, kí ó tún un kà. Lójú àlá, lẹ́tà kì í sábà dúró bákan náà. Ohun tó bá ti mọ́ ọn lára lọ́sàn-án, yóò ṣe é lóru, ibẹ̀ ni yóò ti fura. Wọ́n tún máa ń jí ní ìdá tó kẹ́yìn òru, kí wọ́n pinnu lọ́kàn pé bí àwọn bá tún lálàá àwọn yóò mọ̀, kí wọ́n tó padà sùn. Ẹ̀yin tó ń kí tahajudi mọ wákàtí náà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà ní 2017, àwọn tó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan rí i ní nǹkan bí òru 17 nínú 100. Kò dára fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì balẹ̀, kò sì dára kí ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé fi dín oorun rẹ̀ kù.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ̀ bóyá ṣíṣọ́ ọkàn lójú mọmọ ló ń bí mímọ̀ lójú àlá. Wọ́n rí i pé àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ọkàn wọn máa ń mọ̀ ọ́n ju àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wá kó àwọn mìíràn jọ, wọ́n kọ́ wọn ní ṣíṣọ́ ọkàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, kò sí ohun tó yí padà nínú àlá wọn.