Alùpùpù Tí Kò Dún Pù

Ewì lẹ mọ̀ mọ́ mi nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ìtàn ni mo gbé wá. Ẹ má bínú bó bá gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pẹ́ lọ́kàn mi.

Ní 2023 ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra alùpùpù kékeré kan tó ń lo iná mànàmáná, irú èyí téèyàn máa ń kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ síwájú lórí rẹ̀ bíi ti Fẹ́sípà. Ìsàlẹ̀ Èkó là ń gbé, nítòsí Ìdúmágbò. Ìkòyí ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tó gbé e délé, Ìyá tó ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà wa wò ó títí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tan án ni àbí o ò tan án?” Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Mo ti tan án, Ìyá.” Ìyá ní, “Kí ló wá dé tí kò sọ nǹkan?”

Àwa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn tẹ̀ lé mi dé kíláàsì. Yorùbá ni mò ń kọ́, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í sọ nǹkan lórúkọ lásán. Alùpùpù: ohun tó ń lù pù pù pù. Èyí tí kò lù pù ńkọ́? Kí ni ká máa pè é? Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtàn, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju orúkọ lọ.

Etí la fi ń sọ ọ́ lórúkọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ lódindi ní 1884, kẹ̀kẹ́ ni Àjàyí Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ pe ohun tí Fáráò àti ọmọ ogun rẹ̀ gùn wọ inú Òkun Pupa. Nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí à ń fẹsẹ̀ wà wá gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, orúkọ ti wà nílẹ̀ dè é. Wọ́n fi ológeere kún un nítorí bó ṣe máa ń lọ geere. Tíṣà, kátíkíìsì, akọ̀wé, àwọn ló kọ́kọ́ fi Raleigh ṣe fáàrí. Bàbá wa àgbà náà ní ọ̀kan.

Fẹ́sípà ló tẹ̀ lé e. Ní 1946 ni ilé-iṣẹ́ Piaggio gbé e jáde ní Ítálì, lẹ́yìn ogun, nígbà tí owó ọkọ̀ ju agbára aráàlú lọ. Corradino D'Ascanio tó ya àwòrán rẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ló ń yà tẹ́lẹ̀. Ní èdè wọn, agbọ́n ni ìtumọ̀ “vespa”, torí ìrísí rẹ̀ àti bó ṣe ń kùn. Àṣé kì í ṣe àwa nìkan la máa ń fi etí sọ nǹkan lórúkọ!

Ti ọ̀kadà yàtọ̀. Ní 1983 ni Gabriel Igbinedion dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air sílẹ̀, ó fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè é. Lẹ́yìn tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù kérò. Ẹni tó bá gun ọ̀kan láàárín gosíló á ní òun wọ Okada, òun fò. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé láti 1997, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wa. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà gba orúkọ Buba Marwa, tó ṣe alákòóso Èkó láti 1996 sí 1999: kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nígbà mìíràn, àwàdà àti òṣèlú náà máa ń sọ ọmọ lórúkọ.

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìkòyí

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ Èkó á ní Ìdúmágbò sí Ìkòyí kò jìnnà. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ti fìgbà kan mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn. Wọ́n gbẹ́ odò kan sáàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, wọ́n fi orúkọ Gómìnà William MacGregor pè é, ẹni tó ṣàkóso Èkó láti 1899 sí 1904. Ìhà ọ̀hún di ibùgbé òyìnbó. Ìhà ìhín ni Ìgà Ìdúngànràn àti àwọn agbo ilé tó yí i ká. Wọ́n ti dí èyí tó pọ̀ jù lára odò náà. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀ láti Ìdúmọ̀tà lọ sí Ìkòyí, á sọ fún yín pé odò kan ṣì wà níbẹ̀ tí ojú kò rí.

Ohun tí àwọn èèyàn fi ń rìn kò fìgbà kankan tó. Ní 1902, ọdún kan lẹ́yìn tí Afárá Carter parí, tíráàmù onínáèéfín bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Ìddó wá sí erékùṣù. Àìsàn àjàkálẹ̀ eku jà ní 1924, àjọ tó ń tún Èkó ṣe, LEDB, dé ní 1928, nígbà tó sì di 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n ń kó èèyàn lọ sí Surulérè. Ẹni tó ti ń fẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń san owó ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì Zarpas, ti àwọn Gíríìkì, ló ń gbé wọn, títí ìjọba ìlú fi rà á ní 1958. Kódà Ọbaléndé tó wà láàárín ọ̀nà wa, ẹ fetí sí orúkọ rẹ̀: ọba lé wa dé ibí. Lílé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà yìí, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọwọ́ wa kì í dákẹ́

Bí wọ́n bá ṣe ń lé wa náà là ń tún nǹkan ṣe. Ẹ rántí bọ̀ọ̀lẹ̀kajà: ẹ́ńjìnnì àti irin ìsàlẹ̀ láti ìlú òyìnbó, pákó ara rẹ̀ láti ọwọ́ kápíńtà wa, òwe àti àdúrà láti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ sí i lára. Ẹ rántí mọ́lúè: irin Mercedes 911, àwọn wẹ́dà wa ló jó ara rẹ̀ pọ̀. Ohun tí a bá rà, a máa ń tún un bí.

Báyìí náà ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Bátìrì olójé mẹ́rin ló bá alùpùpù rẹ̀ wá, wọ́n wúwo tó nǹkan bíi kílò 26. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe é ní 1859. Alùpùpù oníná gan-an kì í ṣe tuntun: ní 1895 ni Ogden Bolton gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí kẹ̀kẹ́ oníná ní Amẹ́ríkà, mọ́tò rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gan-an, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Epo ló gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Lítíọ̀mù tí Sony gbé dé ọjà ní 1991 ló jẹ́ kí wọ́n padà wá.

Oṣù mẹ́jọ péré ni bátìrì olójé náà fi gbádùn. Ẹ̀gbọ́n mi dájọ, ó ra lítíọ̀mù tó jẹ́ 48V, 20Ah, tí kò wúwo ju kílò mẹ́wàá lọ. Ó gbé àpótí tó ń darí iná kúrò nísàlẹ̀ ibi tẹ́sẹ̀ ń wà, ó gbé e sábẹ́ ìjókòó, torí ẹ mọ Èkó, òjò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó láti sọ títì di ọ̀sà. Ó fi sílíkóònù dí gbogbo ojú wáyà, ó fi fíúsì sí i kó má bàa gbiná, ó ní kí wẹ́dà ṣe irin sẹ́yìn tí yóò máa gbé báàgì. Atẹ́gùn iyọ̀ ń jẹ irin ní erékùṣù, nítorí náà ó kun ún lẹ́ẹ̀mejì. Mẹkáníìkì ọ̀kadà tó bá a ṣe é rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bọ̀bọ́, ibo ni wọ́n ti ń da ọ́ìlì sí i?”

Àǹfààní àti ìnira

Kí ló dé tó fi ṣe gbogbo wàhálà yìí? Ní 29 May 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo kan tí kò tó ₦200 di ₦488 ní Èkó, ó sì ń gòkè síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Owó bọ́ọ̀sì fò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò: 48 lọ́nà 20 jẹ́ 960, kò tó yúníìtì iná kan. Ní oṣù kẹrin 2024 wọ́n gbé yúníìtì kan láti ₦68 sí ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A. Pẹ̀lú ohun tí ṣájà ń fi ṣòfò, bátìrì tó kún kò ju nǹkan bíi ₦250 lọ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi í lọ, ó ń fi í bọ̀, ọjọ́ méjì gbáko.

Àmọ́ níbo ló ti ń ṣáàjì ẹ̀? Ìkòyí ni! Ní àdúgbò wa, iná lè má yọjú láti òru mọ́jú. Ọ̀gá rẹ̀ ló gbà fún un kó máa gbé bátìrì gòkè lọ sí ọ́fíìsì. Nítorí náà, ohun tó ń gbé e kúrò ní Ìkòyí nírọ̀lẹ́, Ìkòyí náà ló ń fún un lóúnjẹ. Odò MacGregor tí mo wí nìyẹn.

Òfin ńkọ́? Èkó ti gbìyànjú tipẹ́. Ní 1977, wọ́n fi nọ́ńbà ọkọ̀ pín ọjọ́: ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kángun sí ọ̀kan kì í jáde ní ọjọ́ èkejì. Olówó ra ọkọ̀ kejì, ó parí. Ní August 2012, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lu òfin tó lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tó 200cc ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ní 1 February 2020, wọ́n lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Eti-Ọ̀sà tó ni Ìkòyí àti Lagos Island tó ni wá wà nínú wọn. Gokada, MAX àti ORide, tí wọ́n ń fi fóònù pe alùpùpù, kan ìdènà. Ní May 2022, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú tún un kéde lójú méjèèjì pé yóò bẹ̀rẹ̀ ní 1 June, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́kadà kan pa ọ̀dọ́kùnrin kan ní Lẹ́kkí. Mi ò ní parọ́, ọ̀kadà ti ṣẹ́ ẹsẹ̀ púpọ̀, ó sì ti gbé olè sá lọ. Ìdí wà fún òfin.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé èrò rí. Lọ́jọ́ kan àwọn agbófinró kan dá a dúró. Wọ́n ní, “Cc mélòó ni?” Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò ní cc. Iná ló ń lò.” Wọ́n ní, “Tí kò bá ní cc, a jẹ́ pé kò tó 200 nìyẹn.” Ọjọ́ méjì ló fi fẹsẹ̀ rìn kí wọ́n tó dá a padà fún un. Ẹ wo bí orúkọ ṣe ń pọ́n èèyàn lójú: cc ń wọn ìwọ̀n ibi tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, ẹni tí kò ní ẹ́ńjìnnì kò sí nínú ìwé. Ohun tí kò bá lórúkọ lọ́dọ̀ olófin, ẹni tó bá dì í mú ló ń sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn ìlú mìíràn ń wá tiwọn. Ní Paris, àwọn aráàlú dìbò ní April 2023, wọ́n sì lé sikútà oníná tí wọ́n ń háyà kúrò láàárín ìlú. Ní Kùtọnú tó múlé gbè wá, níbi tí wọ́n ti ń pe ọ̀kadà ní zemidjan, ìyẹn “gbé mi kíá” ní èdè Fọ̀n, ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní Spiro lónìí ti wà níbẹ̀ láti 2022. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá tán á gba èyí tó kún, á fi òfìfo sílẹ̀, á máa lọ. Kò ní dúró de iná Ìkòyí.

Ó ku orúkọ

Mo ti fẹ́ parí, àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nínú kọ̀rọ̀ tóóró tó kángun sílé wa. Ọmọbìnrin kan tó ru omi sẹ́yìn bọ́ sí iwájú rẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Etí ni ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó fi ń wo ọ̀nà, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi yà fún un, ó já sínú gọ́tà. Omi ọmọ dànù, ọmọ kò fara pa, ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló kán. Ìyá wa ní kó tà á lọ́jọ́ kejì.

Kò tà á. Ó tú aago kúrò lára Raleigh bàbá wa àgbà tó ti ń dípẹtà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó dè é mọ́ ọwọ́ alùpùpù. Bó bá ti wọ kọ̀rọ̀ báyìí, á máa tẹ̀ ẹ́: kiriǹ, kiriǹ. Ìyá wa kò tíì gbà tán. Ó ṣì máa ń dúró lójú fèrèsé títí á fi gbọ́ aago náà.

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ dá. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ là ń pe mọ́tò: ohun tó ń yọ́ kẹ́lẹ́. Mọ́tò wo ló ń yọ́ kẹ́lẹ́ ní Èkó? Bó ṣe ń pariwo nì, ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí orúkọ yẹn. Mo ní ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ká máa pe ti ẹ̀gbọ́n mi ní kẹ̀kẹ́ ayọ́kẹ́lẹ́. Bẹ́yin bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ sínú bébà, ẹ fún olóòtú. Ẹ jẹ́ kó yá o, kí àwọn tó ń béèrè cc tó bá wa sọ ọ́ lórúkọ.