Láti DOS Dé Windows: Ìwé Yorùbá àti Lárúbáwá ní Ìbàdàn

Mo ní ìwé àdúà kan nílé tí wọ́n tẹ̀ ní àdúgbò Bẹẹrẹ. Bírò ni wọ́n fi tọ àmì sí abẹ́ gbogbo ẹ, ọ àti ṣ inú rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ Yorùbá kọ. Kọ̀ǹpútà ni kò gbà fún un.

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn o. Ní ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì wa. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa ará Màpó àti Ọjà'ba.

Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò tí ń darí rẹ̀, bí awakọ̀ ti ń darí mọ́tò. DOS, tí ó jáde ní 1981, ni a kọ́kọ́ mọ̀. Àyè 256 péré ni ó ní fún lẹ́tà àti àmì gbogbo. Ẹ wá wo ìyanu: à, á, è, é títí dé ù àti ú wà níbẹ̀, nítorí àwọn Faransé, Ítálì àti Sípéènì ń lò wọ́n; ẹ, ọ àti ṣ kò sí. A rí àmì ohùn, a kò rí lẹ́tà!

Nígbà tí Windows 95 dé ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1995, àwọn kan ya fọ́ǹtì Yorùbá, wọ́n fi ẹ jókòó sí ipò àmì mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ó dára. Bí ẹ bá gbé dísìkì lọ sí ibi tí kò sí fọ́ǹtì náà, àmì mìíràn yẹn ni ẹ óò bá.

Ti Lárúbáwá tún le jù. Windows tí a ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kò mọ bí a ti ń kọ̀wé láti ọ̀tún sí òsì. Ti Lárúbáwá wà lọ́tọ̀. Macintosh náà lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Nítorí náà, a óò fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé, àfáà tí ọwọ́ rẹ̀ dára yóò fi gègé kọ áyà náà, a óò gé e, a óò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó ṣe pléètì. Ní tèmi, ọwọ́ àfáà yẹn sàn ju fọ́ǹtì lọ.

Windows 2000 ló kó méjèèjì pọ̀, nípa ètò Unicode tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Linux, tí Linus Torvalds ti ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà, ń lò ó pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n PageMaker tí ó ti mọ́ àwọn atẹ̀wé lára kò sí lórí rẹ̀. Àwọn tí mo mọ̀ kò yà síbẹ̀. Níhìn-ín ní Ìbàdàn, àjọ African Languages Technology Initiative tí Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.

Àwọn dísìkì àtijọ́ ńkọ́? Méje wà lọ́dọ̀ mi, ìwáàsí ló wà nínú wọn. Mẹ́ta péré ló ṣí. Ẹni tó bá wa kó wọn láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn ti sọ ẹ àti ọ di àmì ìbéèrè kan náà, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀kọ́ tàbí ọ̀kọ̀. Ẹ̀dà orí bébà ni mo ń wò báyìí, tí mo fi ń tún un tẹ̀.