Ìmọ́lẹ̀ àti Àwòrán Nínú Ijó: Ọgbọ́n Tí Loie Fuller Fi Lélẹ̀

Láti ìgbà tí Dáfídì Ọba ti jó níwájú àpótí Olúwa (2 Sámúẹ́lì 6:14) ni ijó kò ti ṣàjèjì sí ìjọsìn. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni iná aláwọ̀ mèremère àti ẹ̀rọ purojẹ́kítọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ oníjó nínú ọ̀pọ̀ ìjọ ń béèrè fún, pàápàá nígbà ìkórè àti Kérésìmesì. Owó kékeré kọ́ ni nǹkan wọ̀nyí ń gbà. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ tó fọwọ́ sí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ibi tí ọgbọ́n náà ti wá àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí a kò lè sọ ìtàn yìí láì dárúkọ rẹ̀ ni Loie Fuller, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí a bí ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ọdún 1862. Òṣèré orí ìtàgé ni láti kékeré. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1892 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní gbọ̀ngàn Folies Bergère ní ìlú Paris. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yáàdì aṣọ ṣẹ́dà ni ó fi rán ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sínú apá ẹ̀wù náà kí ọwọ́ rẹ̀ lè gùn ju bí Ẹlẹ́dàá ti dá a lọ. Bí ó bá ju apá, aṣọ á fẹ̀ bí ìyẹ́ labalábá, á ká bí ìgbì omi, á sì rú sókè bí ọwọ́ iná.

Ṣùgbọ́n òkùnkùn ni ó kọ́kọ́ wá. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ṣì máa ń tan iná sílẹ̀ fún àwọn òǹwòran, Fuller ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀, ó sì fi aṣọ dúdú bo ẹ̀yìn ìtàgé. Àwọn òṣìṣẹ́ iná dúró káàkiri pẹ̀lú àtùpà alágbára tí dígí aláwọ̀ wà níwájú wọn. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ ṣe àmì fún wọn, wọ́n á pa àwọ̀ dà. Nínú ijó tí ó pè ní Ijó Iná, dígí ni apá kan ilẹ̀ tí ó dúró lé, iná pupa sì ń tàn sí i láti ìsàlẹ̀. Ó tún lo àtùpà àwòrán, èyí tí í ṣe baba ńlá purojẹ́kítọ̀: iná ń gba inú àwòrán kékeré orí dígí kọjá, ó sì ń bọ́ sára aṣọ tí ń yí.

Ní 1892 kan náà, ilé ẹjọ́ kan ní New York kọ̀ láti dáàbò bo ijó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláfarawé, nítorí adájọ́ ní ijó náà kò sọ ìtàn kankan. Obìnrin náà gba ọ̀nà mìíràn: ní 1894 ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí ẹ̀wù náà. Ó tilẹ̀ kọ̀wé sí Marie àti Pierre Curie pé òun fẹ́ rédíọ̀mù, kí ìyẹ́ aṣọ òun lè máa tàn fúnra rẹ̀! Wọ́n ṣàlàyé fún un pé kò ṣeé ṣe. Nítorí ohun tí a mọ̀ lónìí nípa rédíọ̀mù, àánú ńlá ni èsì náà jẹ́ fún un. Ó kú ní 1928.

Ní 1999, Merce Cunningham gbé ijó BIPED jáde. Paul Kaiser àti Shelley Eshkar lẹ àmì mọ́ ara àwọn oníjó, kámẹ́rà tẹ̀lé àmì náà, kọ̀ǹpútà sì sọ ìrìn wọn di àwòrán. Wọ́n gbé àwòrán náà sórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níwájú ìtàgé, àwọn oníjó gidi sì ń jó lẹ́yìn rẹ̀, tí ojú fi ń rí méjèèjì pọ̀.

Àwọn àgbà kan nínú ìjọ yóò ní ohun ìtàgé kò yẹ ilé Ọlọ́run. A kò fojú kéré ọ̀rọ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fún ìjọ Aládùúrà ni Hubert Ogunde ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1944. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìsìn, àwòrán ara ògiri máa ń mọ́lẹ̀ ju oníjó lọ, gbogbo ojú a sì kọ sí ògiri. Ti Fuller kò rí bẹ́ẹ̀: ara aṣọ oníjó gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Iná tí ó ti iwájú wá tààrà máa ń jẹ́ kí ara rí pẹlẹbẹ. Èyí tí ó ti ẹ̀gbẹ́ wá ni ó ń fi ìtẹ̀síwájú apá àti ìyíra hàn. Aṣọ funfun ń gba àwọ̀ iná, ànkárá alárànbarà a sì da ojú rú. Ní ìsìn òwúrọ̀ tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, owó iná ṣòfò ni. Ìsọjí alẹ́ ni ó bá a mu. Aṣọ ìkélé dúdú àti àtùpà méjì ní ẹ̀gbẹ́ lè ṣe ju purojẹ́kítọ̀ olówó gọbọi lọ.

Kí àwọn tí ń bójú tó iná sì ṣọ́ra fún èyí tí ń ṣẹ́jú wàràwàrà. Bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè mú kí wárápá gbé àwọn kan tí ara wọn kò gba irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè wà láàárín ìjọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí wọ́n sì fi gbogbo iná tí ó kù dánra wò ní alẹ́ kan ṣáájú ọjọ́ ìsìn, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ní títàn.